Kọfí Kàbà: abọ́ méjì láti ara igi kan

Plásítà tí a fi ń lẹ abẹ́rẹ́ mọ́ ọwọ́ aláìsàn ni mo fi kọ orúkọ sára agolo méjèèjì. Ọ̀kan ń jẹ́ PUPA, èkejì ń jẹ́ ILẸ̀. Agolo mílíìkì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, mo fọ̀ wọ́n títí òórùn mílíìkì fi tán pátápátá. Kọfí inú wọn, oko kan náà ló ti wá, ìdí igi kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà la sì ká a. Síbẹ̀, ọ̀kan wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ àlejò kò lè tó, èkejì ń rùn bí àpò ṣìmẹ́ńtì tí òjò pa. Bí wọ́n ṣe di méjì ni mo fẹ́ sọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú tèmi. Ẹni tó bá ṣe é rí mọ̀ pé láti aago méjì òru sí aago mẹ́rin, ẹ̀mí èèyàn máa ń fẹ́ jáde lọ sùn kó fi ara sílẹ̀ lórí ìjókòó. Sáṣẹ́ẹ̀tì kọfí la fi ń dè é mọ́lẹ̀. Ya á, da omi gbígbóná sí i, ju ṣúgà mẹ́ta sí i, gbé e mì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi mu ún bí ẹni ń lo oògùn, ta ló sì ń bi oògùn léèrè pé ọmọ ibo ni?

Bẹ́ẹ̀ ọmọ oníkọfí ni mí. Ọmọ Kàbà ni bàbá mi. Bàbá tó bí wọn ló gbin kọfí sí oko wa lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi rán bàbá mi níléèwé. Nígbà yẹn, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó náà ló ń ra kọfí. Aṣàyẹ̀wò a wá, a fi irin gún àpò láti wo inú rẹ̀, a sọ bóyá ó dáa tàbí kò dáa, owó rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Ọdún tí wọ́n bí mi, 1986, ni ìjọba tú àwọn àjọ wọ̀nyẹn ká. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ dé ni ọ̀gá. Nígbà tó fi máa di 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta kọfí àti àwọn tó ń rà á jọ ṣe láti fi òté lé iye tó ń wọ ọjà fọ́ yángá, owó kọfí sì já wálẹ̀ káàkiri ayé bí àgbọn tó bọ́ lórí igi. Ọ̀pọ̀ èèyàn gé kọfí, wọ́n gbin kájú. Bàbá àgbà kò gé tiwọn. Wọ́n kàn kọ ẹ̀yìn sí i.

Nítorí náà kọfí tí mo mọ̀ nígbà èwe, igbó ni. Tí a bá lọ sílé fún Kérésì, àwa ọmọdé á sá wọ abẹ́ rẹ̀, a ó já èyí tó pọ́n, a ó fi eyín tẹ eèpo rẹ̀. Omi dídùn díẹ̀ á jáde, kò tó nǹkan, bí oyin tí wọ́n fi omi là. A ó tu kóró rẹ̀ dà nù. Kóró yẹn gan-an ni kọfí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa. Ní ilé wa, tíì ni gbogbo ohun gbígbóná tí èèyàn bá mu láàárọ̀, ìbáà ṣe kòkó, ìbáà ṣe mílíìkì. Bàbá àgbà ta kọfí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n kú láì tọ́ ọ wò.

Fún ẹni tí kò bá mọ Kàbà: Ìpínlẹ̀ Kogí ni, àmọ́ Yorùbá ni wá. Ọkùn ni wọ́n ń pè wá, nítorí bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn: "Ọkùn o." Kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991, abẹ́ Kwara la wà. Ará Ìbàdàn rò pé ará Òkè Ọya ni wá, ará Òkè Ọya sì mọ̀ dájú pé Yorùbá ni wá, báyìí ni orúkọ wa ṣe máa ń bọ́ sí àárín. Kọfí wa náà, àárín ló bọ́ sí. Kàbà, Ìjùmú, Mọ̀pà, apá Yàgbà, ó wà káàkiri ibẹ̀. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó mọ kọfí díẹ̀ nípa kọfí Nàìjíríà, Mámbílà ni yóò dá yín lóhùn, orí òkè ní Ìpínlẹ̀ Tàràbá tó ga tó nǹkan bíi 1,600 mítà, níbi tí òtútù ti tu irú kọfí tí wọ́n ń pè ní arábíkà lára. Mi ò bá Mámbílà jà. Mo ti mu ún, ó dáa. Ṣùgbọ́n arábíkà ni ìyẹn, irú mìíràn tó ń jẹ́ rọ́bọ́sítà ni tiwa, àwọn tó ń fi kọfí ṣe fáàrí kì í sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rọ́bọ́sítà létí.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé rọ́bọ́sítà ni òbí. Láyé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dá oko kọfí, òun àti kọfí igbó mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní eugenioides ló pàdé nínú igbó ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì bí arábíkà. Ọmọ wá lówó tán, kò dá bàbá mọ̀ mọ́.

Kí n má purọ́, ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan rọ́bọ́sítà kì í ṣe àbùkù lásán. Kafíìnì inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń lé oorun lójú èèyàn, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arábíkà, ṣúgà inú rẹ̀ sì kéré. Ó ń korò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń rọ́ ọ sínú kọfí sáṣẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ará Ítálì sì ń fi díẹ̀ sínú èsípírẹ́sò, kọfí líle wọn, kí fóòmù orí rẹ̀ lè nípọn. Kíkorò, mo gbà. Ṣùgbọ́n òórùn àpò ńkọ́? Òórùn erùpẹ̀, òórùn èéfín, òórùn táyà ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ igi ni? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé oko.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló ń dá oko náà báyìí. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pẹ̀lú ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn tán, mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ká kọfí, àmọ́ èyí tó bá pọ́n nìkan ni mo fẹ́.

Wọ́n wò mí títí. "Ṣé wọ́n ní kí o fi ṣe oògùn ni?"

Mo ní rárá o, mo fẹ́ mu ún ni.

"Oníṣòwò kì í sanwó àwọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń pọ́n àdá wọn lọ. "Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé wá, wọn kì í gbé ojú wá."

Kò tíì sí ìwé kankan tí mo kà lórí kọfí tó sọ ọ́ tó báyìí.

Ẹ wá wo igi rọ́bọ́sítà pẹ̀lú mi. Tí wọn ò bá gé e, ó lè ga tó mítà mẹ́wàá, tiwa sì ti pẹ́ tí ọbẹ dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Èso rẹ̀ kì í so káàkiri ẹ̀ka, oríkèé ló máa ń so sí, wọ́n á fún mọ́ra wọn yí ẹ̀ka po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Lára ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ó rí tútù, ẹ ó rí ràkọ̀ràkọ̀, ẹ ó rí pupa, ẹ ó rí dúdú tó ti gbẹ sórí igi. Ẹni tó ń kánjú á di ìdí ẹ̀ka mú, á fa ọwọ́ wá síwájú lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á wọ́ sínú agbọ̀n, tewé-teèso. Ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ka kan. Ẹni tó ń wá pupa, ìka méjì ló máa fi yí i kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tanpẹ́pẹ́ á sì máa bá a fa apá. Mo fi ọjọ́ méjì ká kìlò 10 pupa. Ọmọ Bàbá Kékeré tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún fi ọwọ́ fa kìlò 10 tirẹ̀ lára àwọn igi kan náà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó wò mí bí ẹni wo aláìsàn.

Tirẹ̀ di ILẸ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ibi tí wọ́n ti máa ń sá a, etí títì níbi tí ọ̀dà ti nà dé ojú ilé. Ó ya tètè gbẹ, ọ̀dà ń gbóná. Mọ́tò kan kọjá lórí rẹ̀ lójú mi. Ewúrẹ́ dúró sí àárín rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó ṣe ohun tí ewúrẹ́ ń ṣe, ó lọ. Alẹ́ lẹ́, kò sẹ́ni tó kó o, ìrì sẹ̀ sí i, oòrùn tún gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Gbẹ kó tún rin, gbẹ kó tún rin, ọ̀nà tí èébu fi ń wọ ilé nìyẹn.

Fún tèmi, mo fẹ́ kan àkéte sí òkè, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Bàbá Kékeré fún mi ní ọparun, wọ́n sì ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya wà nínú yàrá. Mo fò sókè. Èmi nọ́ọ̀sì tí mo ń pín nẹ́ẹ̀tì yẹn fún àwọn aboyún! Oògùn apakòkòrò ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, ohun tí èèyàn máa mu kò gbọdọ̀ kàn án. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi sá ẹja, ẹ ti gbọ́.) Mo gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, mo ra nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, a kàn án mọ́ ọparun, ó ga dé ìbàdí mi. Mo tẹ́ èso náà sí i kó má gun ara wọn, mo ń rò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, tó bá di alẹ́ mo fi tapólì bò ó. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ń sán, kọfí náà sì ń súnkì lójú mi, láti pupa sí àwọ̀ ọtí, láti àwọ̀ ọtí sí dúdú. Ó rùn bí èso tó ti pọ́n jù, kì í ṣe òórùn búburú. Ìsinmi mi parí kó tó gbẹ tán, ìyàwó Bàbá Kékeré ló bá mi parí rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí wọ́n mì í sétí: tó bá ti ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ti tó.

Wọ́n fi ọkọ̀ gbé àpò méjèèjì ránṣẹ́ sí mi n'Íbàdàn ní oṣù Kìíní. Odó ni mo fi gún eèpo rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gún ohun tí kò fẹ́ kó fọ́, mo wá fi atẹ fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù lẹ́yìnkùlé. Kìlò 10 èso tútù, kóró tó jáde nínú rẹ̀ kò ju bíi kìlò 2 lọ. Ẹ bá mi káàánú ẹni tó ń fi ọwọ́ ká a.

Kí n tó yan án, mo ka kóró 100 láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí tírè funfun, lábẹ́ iná. PUPA: mẹ́fà ló ní àbùkù. ILẸ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn kan dúdú láti inú wá, nítorí wọ́n já wọn nígbà tí wọn kò tíì pọ́n tàbí wọ́n ti jẹrà. Àwọn kan funfun bí eyín ọmọdé, kò sí nǹkan nínú wọn. Àwọn kan ní ihò róbótó kan bí ihò abẹ́rẹ́. Kòkòrò kan ló ń lu ihò yẹn, abo rẹ̀ kò gùn tó mìlímítà 2, inú kóró ló máa ń wọ̀ lọ yé ẹyin sí, àwọn ọmọ á sì máa jẹ ilé tí wọ́n bí wọn sí. Mo la ọ̀kan, mo bá a níbẹ̀, ó ti gbẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ yíyan. Màámi, tí wọ́n ta ẹ̀pà nígbà ọ̀dọ́ wọn, ní kí n yan án pẹ̀lú yanrìn, iná á kárí i. Ìmọ̀ràn àgbà ni, mo gbà á. Iná kárí i lóòótọ́. Mo sẹ́ yanrìn náà kúrò lẹ́ẹ̀mejì, mo da kọfí sínú ẹ̀rọ ìlọ̀ ọlọ́wọ́ tí mo fi owó gidi rà, mo yí i lẹ́ẹ̀kan, ó dún "kírí", eyín irin rẹ̀ kan sì ré. Kọfí tó jáde, mo mu ún, ó ń han mí léyín bí ẹ̀fọ́ tí wọn ò ṣàn dáadáa. A dúpẹ́ pé ILẸ̀ ni mo fi dán an wò.

Lẹ́yìn náà mo lo agbada irin lásán, giramu 200 lẹ́ẹ̀kan, ọmọrogùn lọ́wọ́, gbogbo fèrèsé ní ṣíṣí. Mi ò ní ohun tí a fi ń wọn ooru rẹ̀, imú àti etí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ó kọ́kọ́ rùn bí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó di òórùn búrẹ́dì. Ó di òórùn àgbàdo sísun. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹsàn-án ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta: pá, pá-pá, bí gúgúrú, àmọ́ kò fò. Mo jẹ́ kó ta tán, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i, mo dà á sórí atẹ, mo ń fẹ́ ẹ, mo ń rò ó kó lè tètè tutù. Giramu 168 ló kù, omi àti èéfín ló kó ìyókù lọ. Mo kó o sínú agolo, mo tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ó di òru, "gbàù!" Ọkọ mi fò dìde, wọ́n ní olè tàbí eku. Ìdérí agolo ni. Kọfí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, irú èyí tó wà nínú mínírà, èmi ni mo há a mọ́. Láti ìgbà náà mo máa ń fi ìdérí lé e lásán fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo gbé méjèèjì lọ síbi iṣẹ́ lóru ọjọ́ kan tí yàrá àwọn aláìsàn parọ́rọ́. Àwa mẹ́rin ni: èmi, nọ́ọ̀sì méjì, àti bùọ̀dá tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Mo ti kọ A àti B sí ìdí abọ́, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo. Giramu 12 kọfí tí mo lọ̀ láì jẹ́ kó kúnná púpọ̀, mílílítà 200 omi tó ti hó tí mo jẹ́ kó mí ìṣẹ́jú kan. Ó wú bí ẹ̀kọ. Mo dúró ìṣẹ́jú 4, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí la ojú rẹ̀, mo fi imú sún mọ́ ọn bí mo ṣe ń là á, torí ibẹ̀ ni òórùn rẹ̀ ti ń jáde jù, mo kó fóòmù orí rẹ̀ dànù. Ó tutù díẹ̀. Mo ní kí wọ́n bu ú ní ṣíbí, kí wọ́n fà á pẹ̀lú ariwo, bí ìgbà tí èèyàn ń fa ẹ̀kọ gbígbóná tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí.

Bùọ̀dá oníkẹ̀kẹ́ fa A, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló se àpò?"

ILẸ̀ ni. Òórùn erùpẹ̀ tútù ló kọ́kọ́ wọlé, èéfín tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kíkorò kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ahọ́n tí kò gbà kí omi ṣàn án. B, ìyẹn PUPA, korò náà, mi ò ní tàn yín. Ó nípọn lẹ́nu, ó wúwo. Àmọ́ kíkorò rẹ̀ mọ́. Ẹ̀pà yíyan ni mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀, kòkó gbígbẹ tẹ̀ lé e, bó ti wá ń tutù lọ, dídùn kan ń yọ́ bọ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀wà tó jóná díẹ̀. Tí ẹ bá ń wá òórùn òdòdó àti kíkan bí ọsàn, ẹ lọ sí Mámbílà. Kò sí níbí.

Ẹni tó mú mi ronú ni nọ́ọ̀sì àgbà wa. Wọ́n tọ́ méjèèjì wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tọ́ka sí ILẸ̀. "Èyí ló jọ kọfí," ni wọ́n wí. "Èkejì yẹn dáa, àmọ́ kò jọ kọfí."

A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo gbé e délé. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi náà fi mu ohun tó jọ ILẸ̀, tí mo ń fi ṣúgà mẹ́ta bò ó, tí mo ń pè é ní adùn kọfí. Àbùkù ti pẹ́ lẹ́nu wa tó fi di orúkọ nǹkan. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rọ́bọ́sítà láìdáa náà má tíì mu rọ́bọ́sítà rí, kó jẹ́ pé etí títì ni wọ́n mu, òun àti ewúrẹ́ tó dúró lórí rẹ̀.

Kọfí olóko kan, tàbí onílùú kan, tí wọ́n ń ta lówó ńlá ní òkè òkun, kò sí awo kankan nínú rẹ̀. Kí a má pò ó mọ́ ti ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá pò pọ̀, àwọn tó mọ́wọ́ nínú rẹ̀ ń ru ẹrù àwọn tí kò mọ́wọ́. Oníṣòwò tó ń wá sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré ń ra ní Kàbà, ó ń ra ní Ìjùmú, ó ń da gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan. Tí ẹnì kan bá ṣa pupa lọ́jọ́ méjì, tí ẹnì kan sì fa ọwọ́ kan lẹ́ka kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, iye kan náà ni wọ́n máa gbà. Ní 2001, owó rọ́bọ́sítà lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù já sí ìsàlẹ̀ 600 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ní 2024, ó kọjá 5,000. Bàbá Kékeré gbọ́ díẹ̀ lára ìró yẹn, iye tí wọ́n ń gbà sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò yí ohun tí wọ́n sọ fún mi padà. Owó ń gòkè, àwọ̀ kò níye síbẹ̀. Mi ò lè bá wọn jiyàn. Wọ́n ń rán ọmọ mẹ́ta níléèwé. Nígbà tí àjọ ìjọba ṣì wà, ó kéré tán ẹnì kan ń fi irin gún àpò.

Ní Uganda, níbi tí rọ́bọ́sítà ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n ti ń ṣa pupa, wọ́n ń sá a lórí àkéte, wọ́n sì ń tà á lórúkọ ara rẹ̀. Mo fi fọ́tò rẹ̀ han Bàbá Kékeré lórí fóònù mi. Wọ́n bi mí pé ta ló rà á. Ìbéèrè gidi ni. Mo ní mò ń wádìí rẹ̀.

Mo yan ìdajì kìlò PUPA, mo lọ̀ ọ́, mo fi ọkọ̀ rán an padà sí Kàbà, pẹ̀lú asẹ́ aláṣọ kan àti bí wọn yóò ṣe ṣe é tí mo kọ sójú ìwé. Èsì kò tètè dé. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn fi ṣúgà sí i lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì tún mu ún láìsí ṣúgà, torí mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síwèé.

"Ó wá ńkọ́, Bàbá?"

Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn wọn.

"Ó dà bí obì," ni wọ́n wí. "Ó kọ́kọ́ korò. Mo wá mu omi lé e, omi náà dùn."

Mo gbé abọ́ mi, mo mu omi lé tèmi. Òótọ́ ni. Èmi tí mo ti ń wá ẹ̀pà àti kòkó kiri! Obì àti kọfí, kafíìnì kan náà ló wà nínú wọn, àwọn àgbà wa ti ń fi obì ṣọ́ òru kí sáṣẹ́ẹ̀tì tó dé.

Oṣù Kejì, òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní Kàbà. Ọjọ́ bíi mélòó lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Kékeré tún pè, wọ́n ní kí n gbọ́, wọ́n sì na fóònù síta. Nǹkan kan ń hùn. Oyin ni. Kọfí ti tanná, gbogbo rẹ̀ funfun lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe máa ń ṣe, ọjọ́ mélòó kan ni, yóò sì rẹ̀ dànù. Wọ́n ní àwọn ti gé igi mẹ́wàá tó gbó jù ní kùkùté kó lè yọ ọ̀tun. Wọ́n bi mí ní iye tí mo ra nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ní yáàdì kan, mo sọ. Wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á lẹ́nu.

"Agolo tó wà lọ́dọ̀ rẹ," ni wọ́n wá bi mí, "kí lo kọ sí i?"

Mo ní PUPA.

"O ò kọ Kàbà sí i?"

Mo gé plásítà tuntun.